Alẹ́ méjì pẹ̀lú amọ̀nà nínú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ní Sevilla

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ilé iṣẹ́ tó ta ìrìn yìí fún wa, n ó sì sọ ibi tí ìkarùn-ún gbà lọ.

Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti àbúrò mi obìnrin ti gbéra lọ sí Sevilla, ní gúúsù Sípéènì, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. A ra tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ fún alẹ́ Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, Yúrò 35 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lálẹ́ kan. Àbúrò mi ní ká fowó náà jẹun, pé ta ló ń sanwó wo ohun tó ń kọjá lójú títì. Kò purọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ìjọ tó ń jáde láàárín ọ̀sẹ̀ náà lé ní 50, kálukú ń gbé ère Jésù tàbí Màríà láti ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ lọ sí Kàtídírà, kí wọ́n tó tún wọ́ padà sílé. Òmíràn a lo wákàtí 12 lójú ọ̀nà. Bí ẹ kò bá mọ àdúgbò, èrò á há yín mọ́ kọ̀rọ̀ kan, ẹ̀yìn orí èèyàn nìkan lẹ ó máa wò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọgbọ́n ibi tí à á dúró sí gan-an ni à ń ra lọ́wọ́ amọ̀nà.

Lọ́jọ́ kìíní, òjò. Ère tí wọ́n ń gbé jáde yìí kì í ṣe ère tí omi gbọ́dọ̀ kàn. Igi ni, wọ́n sì kùn ún lọ́dà. Òmíràn ti lé ní irinwó ọdún. Jésù tí wọ́n ń pè ní Gran Poder, 1620 ni Juan de Mesa gbẹ́ ẹ. Nítorí náà, bí ojú ọ̀run bá ti dúdú, àwọn àgbà ẹgbẹ́ á jókòó pinnu, bọ́kàn wọn kò bá sì balẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jáde. A dúró lábẹ́ ìbòrí ilé ìtajà kan fún wákàtí kan àtààbọ̀. Nígbà tí wọ́n kéde pé ó ti parí, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó ti wọṣọ tán bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Mo béèrè owó alẹ́ náà padà. Ilé iṣẹ́ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ní àwọn kọ́ làwọn rọ òjò, pé ó wà nínú àdéhùn. Mo lọ wò ó. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí eèrà. Ibẹ̀ ni ìràwọ̀ karùn-ún gbà lọ.

Amọ̀nà náà ní tirẹ̀ kò tú wa ká. Ó mú wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ kí aráàlú lè rí ère náà nítòsí. Paso ni wọ́n ń pe pẹpẹ ńlá tí ère wà lórí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin bí ọgbọ̀n sí ogójì ló ń fọrùn gbé e, aṣọ á bò wọ́n nísàlẹ̀ rẹ̀, wọn kì í rí ìta. Ọ̀kan nínú wọn jókòó, ó fajú ro. Mo wo orí rẹ̀, mo ní, "Òṣùká rèé!" Òṣùká ni lóòótọ́, costal ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àfi pé àárín orí ni tiwa máa ń wà, tiwọn sì sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn, nítorí ibẹ̀ ni igi pẹpẹ ń jókòó lé. Ó bẹ̀rẹ̀ kí àbúrò mi lè fọwọ́ kàn án: kókó kan ti le gbagidi sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọjọ́bọ̀ ni ojú ọjọ́ tó là. Fún ẹni tó bá ti rí àwòrán àwọn ọ̀dájú Ku Klux Klan, àwọn tó ń fìyà jẹ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, rí, àyà á kọ́kọ́ já nígbà tí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá ń bọ̀ pẹ̀lú fìlà ṣóńṣó tó bo gbogbo ojú. Àbúrò mi gbá mi lọ́wọ́ mú. Àmọ́ fìlà yìí ti wà ní Sevilla ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí tàwọn yẹn tó dé. Ẹni tó ń ronú pìwà dà ló ń fi bojú kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ ọ́n. Èmi ń ronú egúngún: aládùúgbò rẹ ló wà nínú aṣọ, o kò sì gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ibi tí mo ti ń ronú ni ọ̀kan ti na ọwọ́ sí wa, ó fún àbúrò mi ní súìtì. Ọmọkùnrin kékeré kan sáré bọ́ síwájú, ó gbé bọ́ọ̀lù ìda kan sábẹ́ àbẹ́là ẹni náà. Tó, tó, tó. Ìda ń kán sí i, bọ́ọ̀lù ń tóbi. Ó ti tó ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Iwájú ilé ìsìn kékeré kan ní òpópónà Recaredo ni amọ̀nà mú wa dúró sí, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Los Negritos, ìyẹn Àwọn Dúdú Kékeré. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀. Lópin ọ̀rúndún kẹrìnlá ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Gonzalo de Mena dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún wọn, ìlú tí ẹrú pọ̀ sí ni Sevilla nígbà náà. Lónìí òyìnbó ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n orúkọ kò yí padà. Ojú mi gbóná díẹ̀, n kò ní purọ́. Mo sọ fún amọ̀nà pé irú ẹgbẹ́ yìí ló di cabildo, ẹgbẹ́ àwọn ará Áfíríkà, ní Kúbà, pé abẹ́ rẹ̀ ni àwọn Lukumí, àwọn tiwa, ti ń kóra jọ lùlù fún Ṣàngó àti Yemọja. Kò gbọ́ ọ rí. Ó yọ ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí paso ṣe ń dìde, ó yẹ kí ẹ rí i. Olórí àwọn tó ń gbé e á pariwo sábẹ́ aṣọ, á kan irin iwájú pẹpẹ, kò! Gbogbo wọn á fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn òpó fàdákà tó yí Màríà ká á máa mì, wọn á máa dún ṣinrinrin. Òórùn tùràrí àti òdòdó ọsàn gba gbogbo àdúgbò.

Ẹ̀rọ etí tí wọ́n fún wa kú lẹ́yìn wákàtí kan. Ariwo kàkàkí ló sì wà níbẹ̀, ẹ sún mọ́ amọ̀nà. Torrijas, búrẹ́dì díndín olóyin, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ má sì da ọ̀sẹ̀ yìí pọ̀ mọ́ Feria, àríyá ìlú tó máa ń wáyé lẹ́yìn rẹ̀. Ọjà ẹran ọ̀sìn ni ìyẹn ní 1847, ijó àti ọtí ló dà báyìí. Àgọ́ ibẹ̀ lé ní 1,000, ṣùgbọ́n ti ẹbí àti ẹgbẹ́ ló pọ̀ jù. Bí ẹ kò bá lọ́rẹ̀ẹ́ nínú wọn, àwọn díẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni tiyín.

Bí ẹ bá fẹ́ gba amọ̀nà, ẹ gbà á fún Ọjọ́bọ̀, ẹ sì bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ òjò kí ẹ tó tẹ owó sílẹ̀.