Google tàbí DuckDuckGo: èwo la ó fi máa wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?

Bí o bá ra fóònù Android ní Yábà lónìí, Google ti wà nínú rẹ̀ kí o tó tàn án. Kì í ṣe èèṣì. Lọ́dún 2022, nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là ni Google san fún Apple kí òun lè jẹ́ ẹ̀rọ ìwánǹkan tó ti wà nílẹ̀ nínú Safari, ohun tí iPhone fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Adájọ́ Amit Mehta ní Amẹ́ríkà dá a lẹ́bi pé ó rú òfin kí ipò náà má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ká sòótọ́, Google mọ Èkó. Mo tẹ "ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú", ó gbé àdúgbò, nọ́ńbà fóònù àti àkókò tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn jáde. Àmọ́ ohun tí o bá wá, ó ń tọ́jú rẹ̀ (àfi bí o bá pa á fúnra rẹ), ìpolówó sì ń tẹ̀ lé e.

DuckDuckGo, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008, kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa ẹni tó wá nǹkan. O tẹ bàtà, o rí ìpolówó bàtà, ó tán. Ọ̀pọ̀ èsì rẹ̀ ń wá láti Bing, ẹ̀rọ ìwánǹkan ti Microsoft.

Fún ọ̀nà àti ọjà, Google ni mò ń lò. Fún àìsàn àti gbèsè, rárá o! Nígbà tí àbúrò mi obìnrin fẹ́ bèèrè nípa jẹ̀díjẹ̀dí, mo gba fóònù rẹ̀, mo wọ Settings, mo yí i sí DuckDuckGo, mo dá a padà fún un.