Ta Ló Yẹ Kí A Gbé Iṣẹ́ Sólà Ilé Wa Fún? Ìfiwéra Àwọn Oníṣẹ́ Tó Ń Wọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán, ariwo jẹnẹrétọ̀ ti dínkù ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kì í ṣe pé iná ìjọba dára sí i; apá ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ká owó epo mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tún gbé owó yúnìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́ fún) dé ₦225. Láti ìgbà náà ni páńẹ́lì ti ń yọ lórí òrùlé lọ́tùn-ún lósì, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣàgámù, tí àwọn tó ń pe ara wọn ní oníṣẹ́ sólà náà sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Oníṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti gbà sí ilé tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ṣàgámù gba oríṣi kẹta, aládùúgbò mi kan sì lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra ọjà wálé. Ohun tí ojú wa rí ni mo fẹ́ tẹ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrò àtirà.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè pé èló ni. Lójú tèmi, ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: bí ẹ̀rọ yìí bá dákẹ́ lẹ́yìn oṣù méje, ta ni yóò gun òrùlé yẹn, ọjọ́ mélòó ni yóò sì tó kó tó dé? Orílẹ̀-èdè Ṣáínà ni èyí tó pọ̀ jù nínú páńẹ́lì àti bátìrì tí gbogbo wọn ń tà ti ń wá, nítorí náà ìyàtọ̀ tó wà láàárín oníṣẹ́ kan sí èkejì kò sí nínú ọjà tó bí ó ṣe wà nínú ọwọ́ tó so ó àti ẹsẹ̀ tó ń padà wá wò ó.

Oríṣi mẹ́ta ni mo fi ń wé ara wọn. Àkọ́kọ́ ni oníṣẹ́ àdúgbò, ọmọ ìlú tó ti ń ṣe wáyà ilé kí sólà tó dé, tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì, tí a sì mọ agbo ilé rẹ̀. Èkejì ni ilé-iṣẹ́ tó fi Èkó ṣe ibùjókòó, tó máa ń rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá láàárọ̀ kí wọ́n lè padà nírọ̀lẹ́. Ẹ̀kẹta ni àwọn tó ń gbé e fúnni kí a máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù.

Kíka ẹrù iná

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; ẹrù iná ni àpapọ̀ iná tí gbogbo ohun inú ilé ń jẹ. Oníṣẹ́ àdúgbò tí mo kọ́kọ́ gbà kò wo ilé rárá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí bóyá mo ní fíríìjì, ó sì ní ínfátà 3.5 kVA yóò gbé gbogbo rẹ̀. Kò béèrè nípa sùmó tó ń fa omi kànga wa. Ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1 hp máa ń fa nǹkan bíi 1,000 wáàtì bó bá ti ń ṣiṣẹ́ geere, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan sùmó sí i, ínfátà ké lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kú fin-ín, tòun ti fíríìjì àti gílóòbù.

Àwọn méjì tí ilé-iṣẹ́ Èkó rán wá lẹ́yìn èyí lo wákàtí méjì gbáko kí wọ́n tó dárúkọ owó. Wọ́n wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn fíríìjì, wọ́n sì béèrè aago tí a máa ń sùn. Ẹ̀yin náà lè ṣe ìṣirò náà fúnra yín, nítorí yúnìtì tí a ń rà sínú mítà náà ni a óò fi ṣe é. Gílóòbù LED mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10 wáàtì, tó tàn fún wákàtí márùn-ún, kò tó ìdajì yúnìtì. Fáànù mẹ́ta tó jẹ́ 70 wáàtì tó yí fún wákàtí mẹ́wàá jẹ́ yúnìtì méjì ó lé díẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí márùn-ún jẹ́ ìdajì, fíríìjì kan tí kò tóbi sì lè jẹ yúnìtì kan àti díẹ̀ láàárín òwúrọ̀ sí òwúrọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ju yúnìtì mẹ́rin àti díẹ̀ lọ lójúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ fún wákàtí kan péré, yúnìtì kan tún ti lọ.

Àwọn tó ń tà á ní sísan díẹ̀díẹ̀ kò ka nǹkan kan ní ilé ẹ̀gbọ́n mi. Kékeré, àárín àti ńlá ni wọ́n to ọjà wọn sí, owó tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló sì fi yan ti àárín. Ó bá ilé rẹ̀ mu, nítorí òun nìkan àti ọmọ ọmọ rẹ̀ méjì ló ń gbébẹ̀. Ilé tó ní sùmó tàbí ẹ̀rọ amúlétutù kò gbọdọ̀ fi ojú bù ú báyẹn.

Ọjà tí wọ́n máa ń gbé wá

Bátìrì túbúlà, oríṣi tí a máa ń bu omi sí, ni oníṣẹ́ àdúgbò sábà máa ń dábàá, nítorí owó rẹ̀ kéré níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ti Èkó àti àwọn tó ń tà á díẹ̀díẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́. Lítíọ́ọ̀mù ni tiwọn. Bátìrì túbúlà mẹ́rin tí wọ́n kọ 12V 200Ah sí lára ní yúnìtì 9.6 nínú lójú ìwé, àmọ́ bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n tètè kú, ìdajì rẹ̀ péré ni kí ẹ máa lò, ìyẹn 4.8. Lítíọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tó jẹ́ 51.2V 100Ah ní yúnìtì 5.1 nínú, a sì lè lo ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀, tó jẹ́ 4.6. Iṣẹ́ tí túbúlà mẹ́rin ń ṣe lálẹ́, díẹ̀ ló kù kí lítíọ́ọ̀mù kan yìí nìkan ṣe é tán, ó sì ń pẹ́ jù wọ́n lọ fíìfíì. Nítorí náà, ẹni tó bá wo owó ìbẹ̀rẹ̀ nìkan kò tíì ṣe ìfiwéra kankan.

Ti páńẹ́lì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ yí i sẹ́yìn, kí ẹ wo nọ́ńbà méjì tí wọ́n kọ sí iwájú Vmp àti Imp, kí ẹ sì sọ ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú èkejì. Páńẹ́lì 550 wáàtì tòótọ́ yóò fún yín ní nǹkan bíi 42 lọ́nà 13, èyí tó jẹ́ 546, gígùn rẹ̀ yóò sì ju mítà méjì lọ dáadáa. Aládùúgbò mi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra ọjà kò mọ èyí, ó sì gbé páńẹ́lì wálé tí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá ti iwájú mu.

Òrùlé àti wáyà

Ibí ni oníṣẹ́ rere ti ń yàtọ̀ sí aláìmọ̀ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti jìyà jù.

Òrùlé wa ti pẹ́, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé àwọn òbí wa ní Ìjẹ̀bú. Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ lu páànù níbi tó wù ú, láìwá igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ kó lè gbá bóòtù mọ́ ọn, kò sì fi ohunkóhun dí ojú ihò. Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀, omi kán sórí àga tí màmá mi máa ń jókòó sí. A rò pé páànù ló ti jẹrà, àfi ìgbà tí káfíńtà gun òkè tó rí ihò mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin páńẹ́lì. Bí òrùlé yín bá jẹ́ asíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ihò sí i rárá, nítorí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jó irin dúró sí ilẹ̀ àgbàlá fún páńẹ́lì náà. Ilé-iṣẹ́ Èkó ló sọ èyí fún ẹnìkan lọ́dọ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kún iṣẹ́ ni fún wọn.

Wáyà tó ti ara bátìrì lọ sí ínfátà ló burú jù. Ínfátà 3.5 kVA tó ń lo 24V lè fa iná tó tó 145 ámúpù nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Wáyà tí oníṣẹ́ mi fi so ó kò nípọn ju ìka ọwọ́ mi tó kéré jù lọ. Ní ọjọ́ Àìkú kan, òórùn rọ́bà tó ń jóná ló jí wa. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, orí bátìrì kan ti yọ́ bí àbẹ́là, ara wáyà sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè fọwọ́ kàn án. Àwọn ti Èkó fi èyí tó nípọn tó àtàǹpàkò rọ́pò rẹ̀, wọ́n fi fíúsì sáàárín, wọ́n ri irin ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n sì fi ohun tó ń gba àrá dúró síbẹ̀. Ní ti èyí, kò sí àfiwé láàárín àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, mo ti rí iṣẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìpẹru, tó ní ìwé ẹ̀rí àjọ NEMSA, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ iná, lọ́wọ́, tí wáyà rẹ̀ mọ́ ju ti ilé-iṣẹ́ Èkó lọ. Ẹ béèrè ìwé náà, kí ẹ sì ní kó mú yín lọ sí ilé kan tó ti ṣe ní ọdún méjì sẹ́yìn.

Owó àti àdéhùn

Àwọn ti Èkó ló wọ́n jù nínú àwọn tí à ń sanwó fún lẹ́ẹ̀kan náà. N kò ní í kọ iye kankan síbí, nítorí bí dọ́là bá ti yí padà ni owó ọjà náà ń yí, ìwé ìdíyelé tí wọ́n fún mi kò sì lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Sísan díẹ̀díẹ̀ tún ń gbówó lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi ní iná.

Kí ẹ ka ìwé àdéhùn ti sísan díẹ̀díẹ̀ dé òpin. Títí ẹ óò fi san owó tán, ọjà ṣì jẹ́ tiwọn, wọ́n sì lè ti ibi tí wọ́n wà pa ínfátà tí owó oṣù bá pẹ́. Owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀gbọ́n mi pẹ́ lóṣù kan. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó pè mí: “Àbúrò mi, wọ́n ti pa iná mi láti Èkó o.” Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé, ní ojú ewé kẹrin, kò sì sẹ́ni tó kà á sí i létí ní ọjọ́ tó fọwọ́ sí i.

Ta ló ń padà wá?

Níhìn-ín ni oníṣẹ́ àdúgbò ti ń gbapò iwájú. Pẹ̀lú gbogbo àìdáa iṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí mo bá pè é ló ń dé. Ó wá ní ọjọ́ tí sùmó pa ínfátà, ó wá ní ọjọ́ tí bátìrì yọ́, ó sì bẹ̀ mí. Ilé-iṣẹ́ Èkó tó ṣe iṣẹ́ dáadáa ni kò dé. Ọ̀sẹ̀ Ìleyá ni, ilé kún fún àwọn tó wá fún Ojúde Ọba, nígbà tí ínfátà tuntun kọ àmì àṣìṣe sójú tó sì dákẹ́. Wọ́n ní kí n kọ ìwé ìbéèrè, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà kan, wọ́n sì dé ní ọjọ́ kẹsàn-án, tí wọ́n tún gba owó ọkọ̀. Bóòtù kan tó tú ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi dè é. Àwọn tó ń tà á díẹ̀díẹ̀ wà láàárín: wọ́n tètè ń wá níwọ̀n ìgbà tí owó wọn ṣì wà níta.

Wáráńtì pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe páńẹ́lì lè ṣèlérí ọdún 25 lórí agbára rẹ̀, àmọ́ bí kò bá sí rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ yín àti nọ́ńbà ọjà sí, ìlérí náà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Rìsíìtì yìí kan náà ni ẹ óò gbé lọ síwájú àjọ FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà tí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí Èkó ni ẹ ń gbé, tí ilé Ìjẹ̀bú sì ń wà ní títì láti Ìleyá kan dé èkejì, ẹ gba ilé-iṣẹ́ ńlá tó lè máa fi fóònù wo ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì ra lítíọ́ọ̀mù, nítorí omi inú túbúlà yóò gbẹ láìsí ẹni tí yóò bu sí i. Ẹ pè wọ́n ní oṣù mẹ́ta ṣáájú Ìleyá. Bí ẹ bá ń gbé inú ilé náà, oníṣẹ́ àdúgbò tó ní ìwé ẹ̀rí ni èmi yóò mú lónìí, ìyẹn bó bá gbà láti ka ẹrù iná lórí ìwé, tó sì fi òjò oṣù Agẹmọ ṣe ìṣirò rẹ̀ dípò oòrùn oṣù kejì. Sísan díẹ̀díẹ̀ wà fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kì í yẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá mú, ẹ dá díẹ̀ nínú owó rẹ̀ dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tó bá parí iṣẹ́, ẹ pa iná ìjọba ní mítà, kí ẹ tan gbogbo ohun tó wà nínú ìwé tó kọ, kí ẹ fa omi lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fọwọ́ kan wáyà bátìrì lẹ́yìn wákàtí kan. Bó bá gbóná, ẹ pè é padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà.