Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra haipo líle ní Kabba: ẹ yẹ kẹ́ẹ̀gì wò dáadáa kí ẹ tó sanwó

Ọ̀kun o ẹ̀yin ará ilé. Alágbàfọ̀ ni mí ní Kabba, aṣọ funfun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, yúnífọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì òtẹ́ẹ̀lì, haipo inú ọ̀rá ò lè tó mi lò láéláé, ìyẹn ni mo fi ń lọ ra èyí tó le, tí wọ́n kọ 12% sí lára (ìyẹn bí kẹ́míkà tó ń sọ aṣọ di funfun ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀), ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míkà kan nítòsí ọjà (mi ò ní dárúkọ wọn).

Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ mọṣẹ́, ká má parọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo ní, "Àbúrò, ṣé kí n sáà bu omi ìlọ́po mẹ́ta lé e?" ó ní, "Rárá bọ̀dá, ìyẹn á wálẹ̀ di 3%, mélòó lẹ fẹ́?" Mo ní lítà 20, kó le tó 3.5%. Ló bá fa bírò yọ, 20 táìmù 3.5 jẹ́ 70, ó fi 12 pín in, ó kù díẹ̀ kó pé lítà 6. Ó ní kí n wọn lítà 5.8 sínú kẹ́ẹ̀gì oníke, kí n wá bu omi kún un títí á fi dé orí ìlà 20. Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe omi lítà 20 lẹ máa bù lé e, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń ṣì í tẹ́lẹ̀! Ó tún ní kí n má fi omi tó ń pọ́n bí ìpẹtà pò ó, aṣọ funfun á gba àwọ̀ yẹn, àti pé kí n má jẹ́ kí áásìdì ìfọ-ilé-ìyàgbẹ́ kàn án rárá, èéfín tó máa jáde lè pààyàn.

Ìjà mi pẹ̀lú wọn rèé. Kẹ́ẹ̀gì kejì tí mo rà, 12% náà ló wà lára ẹ̀, mo ṣírò ẹ̀ẹ̀mẹta, aṣọ ò funfun. Mo rò pé ọwọ́ mi ni. Ìgbà tí mo padà lọ ni mo rí i tí wọ́n to kẹ́ẹ̀gì síta gbangba, oòrùn ọ̀sán ń jó o. Áà! Oòrùn àti ooru máa ń jẹ agbára haipo, tó bá ti wálẹ̀ di 8% báyìí, lítà 5.8 tẹ́ ẹ wọ̀n yẹn ò ní fún yín tó 2.5%, ìṣírò tó pé kì í tún kẹ́míkà tó ti rọ̀ ṣe. Ọ̀gá wọn ní bákan náà ni gbogbo ẹ̀, kò gbà á padà.

Mo ṣì ń lọ síbẹ̀ ṣá, àmọ́ ti inú ilé ni mò ń gbà, mo sì ń bèèrè ọjọ́ tó dé. Ìràwọ̀ 3 nínú 5, ọmọbìnrin yẹn ló ni 2 níbẹ̀.