Wíwá ìran ọkọ mi ní Sligo: ohun tó ṣiṣẹ́ fún wa, àti ibi tí owó wa ti ṣègbé

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mọ́ ẹni tí kò ráyè bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ orísun ìdílé kan ní Írẹ́lándì, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó wúlò jù níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Nínú àwọn ọ̀fẹ́ náà sì rèé, kì í ṣe ìwé ìbí tàbí ìwé òkú ló tú àṣírí fún wa, bí kò ṣe ìwé tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan kọ, àti orin.

Dublin là ń gbé. Àwọn ọmọ mi mọ oríkì ìdílé tèmi, torí ìyá mi kì í pè wọ́n lórí fóònù kó má kì wọ́n. Wọ́n mọ ìlú mi, wọ́n mọ agboolé wa. Ṣùgbọ́n tó bá kan ti bàbá wọn, "Sligo" lásán ni, káúńtì kan (bí ìpínlẹ̀ tiwa) ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Írẹ́lándì. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ò mọ̀ kọjá bàbá tó bí ìyá rẹ̀, pé ọkùnrin náà mọ fiddle ta, ìyẹn gòjé tiwọn. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa pe àwọn lórúkọ bí ìṣe ibí. Ẹnu mi ò gbà á, Màmá ni mò ń pè wọ́n. Màmá ní ìtàn kan tí wọn kì í fi ṣeré: pé Michael Coleman ló kọ́ bàbá àwọn ní fiddle.

Ẹni tó bá mọ orin Írẹ́lándì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Killavil ní gúúsù Sligo ni wọ́n bí Coleman sí ní 1891. Ó kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1914, New York ló sì ti ṣe àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká, láàárín àwọn ọdún 1920 àti 1930. Àwọn àwo yẹn sọdá òkun padà wálé, àwọn tó ń ta fiddle nílé sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bíi tirẹ̀. James Morrison àti Paddy Killoran, àwọn náà ń ta fiddle, agbègbè kan náà ni wọ́n ti wá, New York kan náà ni wọ́n sì ti ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Nítorí náà, ìtàn Màmá lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ ìtàn tí ìdílé fi ń yangàn.

A kọ́kọ́ lọ sídìí ìwé ìjọba. Bí ará Írẹ́lándì bá sọ fún yín pé ìwé àtijọ́ àwọn ti jóná, kò purọ́. Ní 1922, nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Four Courts, Dublin, jóná. Ìwé ìkànìyàn 1821 títí dé 1851 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ tán. Ti 1861 títí dé 1891, ìjọba fúnra wọn ló ti pa wọ́n run tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn tó ṣáájú 1922, èyí tó kù lódindi ni ìkànìyàn 1901 àti 1911, National Archives sì gbé méjèèjì sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àwòrán fọ́ọ̀mù ilé kọ̀ọ̀kan.

Ti 1911 ni kí ẹ jókòó tì. Wọ́n bi ìyàwó ilé léèrè iye ọdún tó ti lò nílé ọkọ, iye ọmọ tó bí láàyè, iye tó ṣẹ́ kù. Ìyá àgbà bàbá Màmá tó ń ta fiddle, ìyẹn ìyá tó bí bàbá rẹ̀ (n ó máa pè wọ́n ní Ìyá Àgbà láti ibí lọ), bí ọmọ mẹ́sàn-án, mẹ́jọ wà láàyè, ṣùgbọ́n márùn-ún péré ló wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ orúkọ. Mẹ́ta dà? Ìbéèrè yẹn ló gbé wa rìn jìnnà. Bàbá ọkọ wọn náà wà lórí fọ́ọ̀mù, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín: ní 1901 ẹni ọdún 60 ni, ní 1911 ó ti di 73. Ọdún mẹ́tàlá nínú mẹ́wàá! Ẹ má bínú sí bàbá. Láti oṣù January 1909 ni ìjọba ti ń fún ẹni tó bá pé 70 ní owó àgbà, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì ní ìwé ìbí tí wọ́n á fi já wọn nírọ́, torí 1864 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí gbogbo èèyàn sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má gba ọjọ́ orí kankan gbọ́ lórí fọ́ọ̀mù 1911 láìwo ti 1901.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti yí padà ni ìkànnì dúchas.ie, níbi tí wọ́n kó ìwé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kọ sí. Láàárín 1937 sí 1939, àjọ Irish Folklore Commission ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ bá àwọn àgbà ilé àti ti àdúgbò, kí wọ́n bi wọ́n ní ìtàn, oògùn, eré, àlọ́, ìyàn, kànga mímọ́, òkìtì tí iwin ń gbé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nǹkan bí ọmọ 50,000 láti ilé ẹ̀kọ́ 5,000 ló ṣe é. Ojú ìwé tó jáde nínú rẹ̀ tó 740,000. Lábẹ́ ìtàn kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sábà rí orúkọ ọmọ tó kọ ọ́, orúkọ àgbà tó sọ ọ́, ọjọ́ orí àgbà náà àti ilẹ̀ tó ń gbé. Ẹ rò ó wò ná: ẹni ọdún 80 ní 1938, ìyá tó bí i fojú rí ìyàn ńlá tó pa nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn lẹ́yìn 1845. Ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ ń kà.

Ẹ má fi orúkọ ìdílé bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo rí nìyẹn, mo sì fẹ́ kó yé yín dáadáa. Orúkọ kan náà lè pọ̀ bí eéṣú ní káúńtì kan, ọmọdé sì kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú O' tàbí láìsí O'. Ẹ mú káúńtì, ẹ mú ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ ilẹ̀ ìdílé, kí ẹ máa ṣí ojú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ tí mò ń sọ yìí ni wọ́n ń pè ní townland. Ó kéré sí abúlé nígbà mìíràn, ó lé ní 60,000 káàkiri erékùṣù náà, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ mìíràn tó dà bíi rẹ̀. Bí sípẹ́lì bá ń dà yín láàmú, logainm.ie ní gbogbo rẹ̀ ní èdè Irish àti ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ ilẹ̀ wọn la ṣí. Ẹni tí a bá ìwé rẹ̀ níbẹ̀, àbúrò bàbá Màmá ni, ọmọbìnrin tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ nígbà náà, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ fẹ̀, ó tẹ̀ sápá ọ̀tún. Ìyá Àgbà ló bi léèrè. Ojú ìwé kan jẹ́ ti oògùn: bí ikọ́ àwúbì bá mú ọmọ, kí wọ́n gbé e gba abẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọjá. (Káàkiri Írẹ́lándì ni wọ́n ti ń ṣe èyí, ẹ ó rí i títí yóò fi sú yín.) Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti eré alẹ́ ìgbà òtútù, ibẹ̀ sì ni mo ti pariwo pe ọkọ mi. Ọmọ yìí kọ ọ́ pé ilé àwọn ni àwọn aládùúgbò ń kóra jọ sí láti jó, pé àǹtí àwọn kan, ọmọ ìyá bàbá àwọn, tó wà ní New York fi giramafóònù àti àwo ránṣẹ́, pé ẹ̀gbọ́n òun kì í kúrò nídìí rẹ̀, á gbọ́ díẹ̀, á dá a dúró, á ta fiddle, á tún fi í sí i.

Ẹ̀gbọ́n yẹn ni bàbá Màmá. 1913 ni wọ́n bí i. Ọmọ ọdún kan ni nígbà tí Coleman wọ ọkọ̀ òkun.

A wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Irish Traditional Music Archive, ilé àkójọ orin ìbílẹ̀ Írẹ́lándì, ní nọ́ńbà 73, Merrion Square, ní Dublin. Láti 1987 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ènìyàn. Mo mú kásẹ́ẹ̀tì tí àbúrò Màmá ká ohùn bàbá wọn sí lọ. Òṣìṣẹ́ tó dá wa lóhùn kò tíì gbọ́ ọ dé ìdajì tó fi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mú rẹ́kọ́ọ̀dù Coleman kan jáde lórí ẹ̀rọ, ó sì ní ká fetí sí ètò rẹ̀. Orin ijó wọn kúkurú, ataṣeré a máa so méjì mẹ́ta pọ̀ láìdúró, ẹni kọ̀ọ̀kan sì lómìnira láti so ó bó ṣe wù ú. Orin mẹ́ta tí bàbá Màmá so, mẹ́ta kan náà ni Coleman so sórí àwo, ètò kan náà, kódà ibi tí Coleman ti kù díẹ̀ káàtó tó fi yára jù, ibẹ̀ náà ni ti bàbá Màmá ti yára. Láti ẹnu àwo ló ti kọ́ ọ.

Nígbà tí mo sọ fún Màmá, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Coleman náà ló kọ́ ọ ṣáà." N ò ní èsì.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń báni wá ìran. Bí ẹ bá kàn fún wọn ní orúkọ ìdílé, kò sí ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Orin kan lè ní orúkọ mẹ́ta, orúkọ èèyàn tó wà lára orin kò sì sọ ẹni tó bí yín. Ẹ mú ohùn, tàbí orúkọ ataṣeré, tàbí àdúgbò lọ. Ìwé orin Francis O'Neill náà wà fún ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Chicago. Tralibane ní Cork ni wọ́n bí i sí ní 1848, ó di ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ní Chicago, ó kó orin 1,850 jọ sínú ìwé kan ní 1903, ó sì kọ orúkọ ẹni tó mú orin wá síwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ lásán ni púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyẹn, irú ẹni tí ìwé ìtàn kì í rántí.

Àǹtí New York ló kù. Ó wà lórí fọ́ọ̀mù 1901 ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò sí lórí ti 1911. Ìkànnì Ellis Island ní ìwé àwọn tó wọ New York nínú ọkọ̀ òkun, wíwá rẹ̀ náà ò ná wa ní kọ́bọ̀. Láti 1907 ni wọ́n ti ń bi èrò ọkọ̀ léèrè orúkọ àti àdírẹ́sì ẹbí tó sún mọ́ ọn jù nílé. 1909 la ti rí i: orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ townland wa náà wà níbẹ̀, wọ́n ṣì í kọ, ṣùgbọ́n ẹnu kà á. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn nìyẹn. Àwọn méjì tó kù, a ṣì ń wá wọn.

Àwọn yòókù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Irishgenealogy.ie fún wa ní àwòrán ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti òkú tó ti pẹ́ tó, ó sì yára. Ìwé ìrìbọmi ìjọ Àgùdà wà lórí ìkànnì National Library. Wọn kò ṣe é kí ẹ lè tẹ orúkọ wá a, àwòrán ni, òmíràn ní èdè Látìn, inki ti ṣá, ojú á sì dun yín. Ilé ìkàwé yẹn ní Kildare Street ní àwọn tó ń gba ènìyàn nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ní sùúrù. EPIC, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn tó kúrò nílé, tí wọ́n ṣí ní 2016 létí odò Liffey, dára fún àwọn ọmọ. Owó ni ẹ ó fi wọlé, àwọn tèmi sì gbádùn rẹ̀.

Ibi tí owó ti ṣègbé ni ilé iṣẹ́ kan tí ọkọ mi sanwó fún kí n tó gbọ́. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n fi bébà dídán kan ránṣẹ́, tó ní àmì oyè "ìdílé" (coat of arms) àti ìtàn tó lè bá ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ náà mu, láti Sligo dé Sydney. Èèyàn kan pàtó ni wọ́n máa ń fún ní àmì oyè, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kan. Àyẹ̀wò itọ́ (DNA) tí ọkọ mi ṣe lẹ́yìn náà, ìwọ̀ oòrùn Írẹ́lándì ló ní ó ti wá. Màmá ti sọ ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun kan tó kù fún ẹni tó fẹ́ gbìyànjú dúchas: káúńtì 26 tó wà lábẹ́ ìjọba Dublin nìkan ni àwọn ọmọ yẹn ti kọ̀wé. Bó bá jẹ́ pé Derry, Antrim tàbí Tyrone ni àwọn èèyàn yín ti wá, ẹ kò ní bá wọn níbẹ̀. PRONI, ilé àkójọ ìwé ìjọba ti Northern Ireland, ní Belfast ni kí ẹ kọ́kọ́ dé. Èmi ò tíì lò ó, nítorí náà mi ò ní gbé e yẹ̀ wò fún yín.