Ìfiwéra Àwọn Ẹ̀rọ Amáragbọ̀n: Èwo Ló Yẹ Ní Rírà, Báwo Ni A Sì Ṣe Ń Dúró Lé E?

Ẹ̀rọ amáragbọ̀n jẹ́ pẹpẹ kékeré tí ènìyàn ń dúró lé lórí, tí ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ sì ń mì tó bẹ́ẹ̀ tí iṣan ẹsẹ̀, itan àti ìbàdí fi ń fún pọ̀ tí wọ́n sì ń dẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, láìjẹ́ pé onítọ̀hún gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú kan. Ohun tí àwọn tí ń tà á fi ń polówó rẹ̀ jù ni iye wáàtì àti iye ìpele tí a lè yí i sí. Mo fẹ́ kí ẹ gbé méjèèjì tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wáàtì ń sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń jẹ iná tó, kò sọ ohun tí yóò ṣe sí orúnkún yín. Bẹ́ẹ̀ ni “ìpele 99” kò túmọ̀ sí nǹkan kan bí ìwé ẹ̀rọ náà kò bá sọ iye ìgbọ̀n tí ìpele kọ̀ọ̀kan dúró fún. Nọ́ńbà méjì ló yẹ kí ìwé náà kọ síta kedere. Èkíní ni iye ìgbà tí pẹpẹ ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí a ń kọ ní Hz. Èkejì ni bí ó ṣe ń rìn jìnnà tó láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè pátápátá, tí a ń fi mílímítà wọ̀n.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń pinnu bí ipá tí ń wọ inú ara ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò dọ́gba. Bí ìrìn pẹpẹ bá di ìlọ́po méjì, ipá náà yóò di ìlọ́po méjì; bí Hz bá di ìlọ́po méjì, ipá náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Pẹpẹ tí ń rin mílímítà 4 ní 15 Hz ń ti ẹsẹ̀ pẹ̀lú ipá tí ó tó nǹkan bí ìlọ́po 1.8 agbára òòfà ilẹ̀. Ẹ sún un dé 30 Hz láìyí ohun mìíràn padà, yóò lé ní ìlọ́po 7. Ẹni tí ń tẹ bọ́tìnnì náà lè rò pé díẹ̀ ni òun fi kún un. Bí wọ́n bá sì dárúkọ mílímítà fún yín, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá láti àárín dé òkè ni wọ́n ń wọ̀n tàbí láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nítorí pé àwọn kan ń kọ ìdajì nígbà tí àwọn mìíràn ń kọ odidi, ẹ̀rọ méjì tí ìwé wọn bára mu sì lè jẹ́ pé ọ̀kan ń rin ìlọ́po méjì èkejì.

Oríṣi mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Nínú oríṣi àkọ́kọ́, gbogbo pẹpẹ ló ń lọ sókè tí ó sì ń lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹsẹ̀ méjèèjì fi ń gbéra pọ̀. Ìrìn rẹ̀ kì í ju mílímítà díẹ̀ lọ, àmọ́ ó ń yára gan-an, ó sábà máa ń wà láàárín 25 sí 50 Hz. Oríṣi kejì dà bí jàǹgílófà àwọn ọmọdé: ó ní ibi tí ó dúró lé ní àárín, bí apá ọ̀tún bá ń gòkè, apá òsì a máa sọ̀ kalẹ̀. Èyí máa ń lọ́ra ju ti àkọ́kọ́ lọ, láàárín 5 sí 30 Hz, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ gùn, ó sì lè tó mílímítà 10 ní etí pẹpẹ. Oríṣi kẹta ni ẹ̀rọ onípá kékeré, tí ipá rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá agbára òòfà ilẹ̀. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní 30 Hz, ìrìn rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà kan, ẹni tí ń wò ó lókèèrè kò sì ní mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ìyàtọ̀ tí ó jẹ mí lógún jù láàárín méjì àkọ́kọ́ ni ohun tí ń dé orí. Nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá ń gòkè tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, ìbàdí a máa yí díẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń rìn, yíyí yìí sì ń gba púpọ̀ nínú ìgbọ̀n náà kí ó tó dé ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọrùn. Oríṣi àkọ́kọ́ kò ní irú àbò bẹ́ẹ̀. Orúnkún àti kókósẹ̀ nìkan ló ń gba ìgbọ̀n náà lọ́wọ́ orí. Oríṣi kejì tún ní àǹfààní kan tí kò ná yín ní nǹkan: bí ẹ bá mú ẹsẹ̀ sún mọ́ àárín, ìrìn náà a dín kù, bí ẹ bá sì yà á, a máa pọ̀ sí i, nítorí náà ẹ lè dín agbára rẹ̀ kù láìfọwọ́ kan rìmóòtù. Ẹ̀rọ tún wà tí ó da oríṣi méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. N kì í gba ẹnikẹ́ni tí yóò máa lò ó ní òun nìkan níyànjú láti rà á, nítorí pé ó ṣòro láti mọ iye ìgbọ̀n tí ara ń gbà nígbà tí ẹ́ńjìnnì méjì bá jọ ń ṣiṣẹ́.

Bí ẹ ṣe lè wọ̀n ọ́n fúnra yín

Ẹ lẹ bébà funfun mọ́ ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, kí ẹ sì fi bírò dúdú tẹ àmì kékeré kan sí i. Bí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àmì náà yóò nà lójú yín, yóò di ìlà òòró. Ẹ fi rúlà wọ ìlà náà, kí ẹ yọ ìbú àmì náà kúrò nínú rẹ̀, ohun tí ó kù ni ìrìn pẹpẹ níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n láìsí ènìyàn lórí ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó wúwo jù nínú àwọn tí yóò máa lò ó dúró lé e, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Mo ṣe èyí fún ẹ̀rọ kan tí wọ́n sọ pé ó ń rin mílímítà 10. Láìsí ènìyàn lórí rẹ̀, mo rí 9. Nígbà tí mo gùn ún, ìlà náà sún kì di 5, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn. N kò rà á.

Ní ti Hz, fóònù tí ó lè ya fídíò ní àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó. Ẹ ya àmì orí bébà náà, kí ẹ sún fídíò náà ní àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ka iye àwòrán tí àmì fi kúrò ní ìsàlẹ̀, tí ó gòkè, tí ó sì padà sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwòrán 8, 30 Hz nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ 20, 12 Hz ni. Ẹ di fóònù náà mú lọ́wọ́, ẹ má gbé e lé orí pẹpẹ, nítorí pé ìgbọ̀n lè ba kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ gùn ún kí dókítà tó fọwọ́ sí i

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ẹni ọ̀wọ́n tí a ń ra ẹ̀rọ yìí fún ló wà lára wọn. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ gùn ún rárá. Kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń darí lílù ọkàn nínú àyà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ó ní wárápá, àti ẹni tí awọ ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ ti ya tàbí tí àtọ̀gbẹ ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, kọ́kọ́ rí dókítà. Bákan náà ni ti ẹni tí ó ní òkúta nínú kíndìnrín tàbí nínú àpò òróòro, nítorí pé ìgbọ̀n lè sún òkúta náà kúrò níbi tí ó jókòó sí. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́, ẹni tí ó ní oríkèé àtọwọ́dá, àti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn gidigidi náà wà lára wọn.

Ìdúró àti àkókò

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gun oríṣi àkọ́kọ́, mo na orúnkún mi gbọọrọ. Eyín mi ń lu ara wọn, àwọn lẹ́tà tí ó wà lára ògiri níwájú mi sì di bàìbàì. Mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo gbé ìwúwo mi sí iwájú àtẹ́lẹsẹ̀, kíá ni àwọn lẹ́tà náà dúró. Ẹ fi èyí ṣe òṣùwọ̀n: bí ojú bá ń ṣe bàìbàì tàbí tí eyín bá ń gbọ̀n, ìgbọ̀n ti dé orí, ẹ tẹ orúnkún sí i tàbí kí ẹ dín Hz kù. Oríṣi kẹta nìkan ni a ń nàró lé. Ẹ má ṣe gbé orí lé pẹpẹ èyíkéyìí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sinmi fún iye àkókò kan náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ, ẹ lè mú un dé ìṣẹ́jú kan nígbà kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ má ju ìṣẹ́jú 15 lọ, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2002 nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń gbọ̀n lára sọ pé ìgbọ̀n náà, bí a bá pín in sí wákàtí 8, kò gbọ́dọ̀ ju 1.15 m/s² (òṣùwọ̀n tí a fi ń sọ bí ìgbọ̀n ṣe le tó) lọ. Ẹ̀rọ ìdárayá ń kọjá nọ́ńbà yẹn fíìfíì ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kíkúrú àkókò ni àbò tí a ní. Bí ẹsẹ̀ bá ń yún yín tí ó sì pọ́n díẹ̀, kò léwu. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, tí orí ń fọ́, tàbí tí ẹ ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ń bù yẹ̀rì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ó lè ran iṣan ẹsẹ̀ àti ìdúróṣinṣin àgbàlagbà tí kì í ṣe eré ìdárayá mìíràn lọ́wọ́. Kì í yọ́ ọ̀rá, ohun yòówù kí ìpolówó sọ. Ní ti eegun, ẹ ṣọ́ra: ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Toronto, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2011, lo oríṣi kẹta fún àwọn obìnrin tí wọ́n ti dáwọ́ nǹkan oṣù dúró, ìṣẹ́jú 20 lójoojúmọ́ fún oṣù 12. Obìnrin 202 ló kópa nínú rẹ̀, eegun àwọn tí ó lò ó kò sì sàn ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Nítorí náà, ẹ má fi ẹ̀rọ kankan rọ́pò oògùn eegun.

Fún ẹni tí ara rẹ̀ le tí yóò máa lò ó nílé, oríṣi kejì ni mo yàn, kí ó máa lò ó láàárín 10 sí 20 Hz. Oríṣi àkọ́kọ́ tọ́ sí ẹni tí ó ti mọ eré ìdárayá dunjú tí ó sì ní olùkọ́ nítòsí. Fún àgbàlagbà, irin ìdìmú ṣe pàtàkì ju gbogbo ìpele lọ, kí bọ́tìnnì ìdádúró sì wà níbi tí ọwọ́ yóò ti tó o láìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìwúwo ènìyàn tí ẹ̀rọ lè gbé, kí ó ju tiyín lọ dáadáa. Ẹ wo rọ́bà ìdí rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó bá ń rìn kúrò lójú kan lórí táìlì yóò gbé ènìyàn ṣubú. Kí gàráńtì rẹ̀ dárúkọ ẹ́ńjìnnì ní pàtó, kí ẹ sì ní ọjọ́ mélòó kan láti dá a padà, kí ẹ lè rí àyè lẹ bébà mọ́ ọn nílé.