Lemon balm àbí ewé tíì: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ náwó lé?

Kẹ́ ẹ tó yọwó lápò ra páálí lemon balm, ẹ kọ́kọ́ dé ẹ̀yìnkùlé. Bí ewé tíì bá wà níbẹ̀, ẹ já ọ̀kan, ẹ rún un, kẹ́ ẹ gbóòórùn ọwọ́ yín. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ń torí rẹ̀ ra lemon balm. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní citral ló ń mú un wá nínú àwọn méjèèjì, ti ewé tíì ló sì ta sánsán jù. Ẹni tó bá jẹ́ pé òórùn àti adùn nìkan ló ń wá, tó sì ń gbé Adó-Èkìtì níbí, kò nídìí tó fi máa ra ewé tó ti òkè òkun wá.

Orúkọ lemon balm yẹn gan-an máa ń ṣini lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́ “balm”, ló bá ní kí n ra ti inú agolo kékeré bọ̀ fóun, òun á máa fi pa orí tó ń fọ́ òun. Ewé ni o. Melissa officinalis ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ewéko, agbègbè Òkun Mẹditaréníà ló sì ti ṣẹ̀ wá. Efinrin ló bá tan, kì í ṣe ewé tíì, nítorí koríko ni ewé tíì, ìdílé kan náà lòun àti àgbàdo. Ẹ mú ọ̀pá efinrin tútù, kẹ́ ẹ máa yí i láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì: igun mẹ́rin lẹ máa bá lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti lemon balm. Ewé rẹ̀ hunjọ díẹ̀, etí rẹ̀ sì dà bí eyín ayùn.

Ohun tí mi ò mọ̀ nìyẹn nígbà tí mo ra páálí àkọ́kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. “Lemon balm gidi” ni wọ́n kọ sí i. Nígbà tí mo tú u sínú àwo, gbogbo rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó gan, ó ń ta mí lọ́wọ́ bíi koríko gbígbẹ, kò sí eyín kankan létí rẹ̀. Ewé tíì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni. Mo fowó gidi ra ohun tó ń hù lẹ́yìn balùwẹ̀ wa.

Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Bó bá jẹ́ nítorí oorun tàbí ọkàn tí kò balẹ̀ ni, lemon balm ni kẹ́ ẹ rà. Àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i fún ìyẹn àti fún inú tó wú díẹ̀, àmọ́ torí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó ni wọ́n ṣe gbà á, kì í ṣe pé ìwádìí ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pátápátá. Ìwọ̀n tí wọ́n fún àgbàlagbà ni gíráàmù 1.5 sí 4.5 ewé gbígbẹ nínú omi gbígbóná mílílítà 150, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: bí báàgì kan bá jẹ́ gíráàmù 1.5, tí ẹ ń mu ún lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, páálí oníbáàgì 20 ò ní pé ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé àdàlù ni, díẹ̀ bín-ín-tín ni lemon balm inú rẹ̀. Ewé gbígbẹ tí wọ́n ń wọ̀n ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí ojú yín á rí ohun tẹ́ ẹ rà. Ẹ má sè é bí àgbo. Ẹ da omi gbígbóná lé e, kẹ́ ẹ dé ife náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí òórùn rẹ̀ má bàa bá ooru lọ.

Inú rírun? Efinrin ni, ẹ bi àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní Ọjà Ọba.

Egbò wẹ́wẹ́ tó ń yọ sétè lẹ́yìn ibà: ìpara tí wọ́n fi lemon balm ṣe lè ràn yín lọ́wọ́ bí ẹ bá tètè fi pa á. Ibà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò sí nínú méjèèjì tó lè rọ́pò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ibà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewé tíì kì í wọ́n nínú ìkòkò àgbo.

Òróró inú ìgò kékeré ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Òróró tó wà nínú ewé lemon balm kéré gan-an, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n bí ojú, òróró ewé tíì sì ni àwọn tó ń ṣe ayédèrú sábà máa ń fi lú u. Bí ẹ bá rí i tó pọ̀ yanturu lówó pọ́ọ́kú, ẹ ti mọ ohun tó jẹ́. Ẹ tún wo páálí fún orúkọ Melissa officinalis àti nọ́ńbà NAFDAC.

Ẹni tó ń lo oògùn oorun tàbí oògùn táírọ́ìdì, ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ, kí wọ́n bi dókítà kí wọ́n tó mu lemon balm. Ọlọ́kadà ò gbọ́dọ̀ mu ún kó tó gun ọ̀kadà, ó lè múni tòògbé.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín, kó má bo irúgbìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ jinlẹ̀, torí ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó hù. Oòrùn ọ̀sán Adó máa ń jó ewé rẹ̀. Àwọn ará òkè Èfọ̀n-Aláayè lè rọ́wọ́ mú jù mí lọ. Tèmi wà nínú ìkòkò lábẹ́ igi máńgòrò. Ewé mẹ́jọ ló ní tẹ́lẹ̀, ewúrẹ́ aládùúgbò ti jẹ méjì.