Tíṣà bánjò mi l'Ógbómọ̀ṣọ́, oṣù mẹ́rin rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mò ń kọ́ bánjò ní ẹni ọdún 63, òótọ́ ni o. Bánjò ni irinṣẹ́ orin olókùn tó jọ gìtá, àmọ́ awọ ni wọ́n fi bo ojú ẹ̀ bí ìlù. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń lọ.

Ọmọ mi ló bá mi ra bánjò yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tòkunbọ̀ ni, olókùn márùn-ún. Nígbà tó dé, gbogbo okùn ẹ̀ ló ti dẹ̀, igi kékeré tó máa ń gbé okùn sókè lójú awọ ti yọ bọ́ sínú báàgì, mo rò pé ó já ni, mo bá fi gáàmù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó wù mí. Ẹ má rín mi. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń ta á tó ń ké bí ewúrẹ́, mo ti gbà pé etí mi ló ti di.

Ìgbà yẹn ni wọ́n júwe tíṣà yìí fún mi, ọmọkùnrin kan tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Tàkíé. Ó wò ó, ó fi ọ̀bẹ ha gáàmù kúrò, ó ní wọn kì í lẹ igi yẹn, okùn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣé ẹ mọ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn ẹ̀? Ó fi ìka kan okùn fẹ́rẹ́ lókè irin kejìlá, ó ta á, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ gan-an, ó ta á, ohùn méjèèjì ò bára mu rárá. Ló bá ń sún igi yẹn díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi di ọ̀kan. Ó ní, "Mọ́mì, kò sí nǹkan tó ṣe etí yín." Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó owó tí mo san. ₦3,000 ni wákàtí kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Kì í fúnni níwèé kankan. Mo ní báwo ni màá ṣe rántí, ó ní ṣé wọn ò kọ́ yín ní dò-rè-mí nílé ìwé ni. Ó yí okùn márààrún sí ohùn tí wọ́n ń pè ní G, D, G, B, D, okùn tó kúrú jù ló fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ òdìkejì ni wọ́n ti ń ka okùn, okùn kẹta (G) ni dò, èkejì (B) ni mí. "Mọ́mì, ẹ pe Ògbómọ̀ṣọ́." Dò mí dò mí. Kẹta, kejì, kẹta, kejì. Háà! Orúkọ ìlú mi ló ń jáde lára bánjò yẹn, mi ò sì tíì fi ọwọ́ òsì kan nǹkan kan. Mo ta oríkì mi, Àdùkẹ́, dò dò mí. Ó ní ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ Ìlọrin, ibẹ̀ ni wàhálà ti dé, torí dò rè rè ni, àfi kéèyàn tẹ okùn kẹta ní irin kejì kó tó rí rè, ìka mi sì ti le bí igi ìdáná. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rin ìrìn àjò Ìlọrin.

Orin náà bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ máa kọ́kọ́ fi ẹnu kùn ún kẹ́ ẹ tó wá a lórí okùn. Tó bá yá jù, ó máa ń bá mi dín fídíò YouTube kù sí 0.5, ohùn ẹ̀ ò ní yí padà, á wá da ojú fóònù délẹ̀ kí n má baà máa wo ìka ẹni tó ń ta á.

Aládùúgbò mi kan ní irinṣẹ́ òyìnbó ni mò ń dà láàmú. Mo sọ fún un pé àwọn èèyàn Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé ìmọ̀ ẹ̀ dé Amẹ́ríkà, bánjò olókùn mẹ́fà bíi ti gìtá sì ni Tunde King, olórin jùjú, ń ta ní Èkó láyé 1930s nígbà tí jùjú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ẹ̀ pa mọ́.

Ẹ̀sùn mi? Ó máa ń pẹ́. "Mo ti wà lọ́nà Mọ́mì" lè tó ogójì ìṣẹ́jú. Okùn bánjò náà ò sí láti rà nítòsí, ìgbà tí tèmi já, okùn gìtá tó tín-ín-rín jù ló mú, ó fi ẹ̀mú fọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kékeré ìdí ẹ̀ kúrò kó lè ku ojóbó tó máa kọ́ sára bánjò, ó sì dún dáadáa. Ìyá tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni mi ò rójú rẹ̀, tó bá ti tan ẹ̀rọ yẹn báyìí, ó parí, kẹ́ ẹ máa wo ara yín ni. Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ gba aago mẹ́jọ àárọ̀, wọn kì í tíì gbé ata wá nígbà yẹn.